Rẹ̀mílẹ́kún Gun Òkè Mẹ́ta ní Tokyo

Ìyàwó àbúrò mi ni Rẹ̀mílẹ́kún. Ebenezer àbúrò mi ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ni Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń jẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Stockbridge ló ń gbé, èmi ń gbé Conyers, ìlú kéékèèké méjì lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ìrìn ìdajì wákàtí ni tí kò bá sí ìjàǹbá lójú títì. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́ ní nursing home kan. Òun ló ń wẹ àwọn arúgbó, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Púpọ̀ nínú wọn, ìpínlẹ̀ mìíràn ni ọmọ wọn ń gbé. Káàdì ni àwọn ọmọ náà máa ń fi ránṣẹ́ lọ́dún Kérésìmesì. Rẹ̀mílẹ́kún ló máa ń kà á fún wọn, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un tó bá rí i pé ohun tí wọ́n kọ kéré jù.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un nìyẹn. Èyí tó gbà pé wọ́n rán òun wá sáyé fún ni àdúrà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń gun Stone Mountain ní ìdájí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wọ̀ nítorí owó páàkì. Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn yẹn wá. Tí wọ́n bá dé orí àpáta, Rẹ̀mílẹ́kún kì í kàn dijú kó máa pariwo. Ó ní ètò tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún, ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé onítọ̀hún. Ó mọ apá ibi tí ilé gbogbo ọmọ ìjọ wà láti orí òkè yẹn. Tó bá kan àwọn ará Conyers, yóò yà díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún ibi tí oòrùn ti ń yọ. Tó bá kan àwọn ará McDonough, yóò yí pátápátá, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì yí tẹ̀lé e. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé Ọlọ́run kò mọ ilé wọn ni.

Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá mi. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń gbàdúrà."

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Tẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ebenezer fi sílẹ̀, lọ sí Tokyo láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan péré ló ní òun máa lò. Ìṣòro wá dé bá ẹgbẹ́ aládùúrà: apá ibo ni Japan wà láti orí Stone Mountain? Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, igbákejì Rẹ̀mílẹ́kún nínú ẹgbẹ́ náà, ní kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ó ní California ni àwọn èèyàn máa ń gbà lọ sí Japan, California sì wà níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Gbogbo wọn gbà. Láti ọjọ́ náà, lóṣooṣù, wọ́n á kọjú sí àwọn ilé gíga àárín ìlú Atlanta, wọ́n á sì pariwo pé kí Tẹniọlá padà wálé.

Tẹniọlá kò padà. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, ó fi fóònù pe ìyá rẹ̀ pé ilé-ìwé náà fẹ́ fi òun ṣe olórí àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́ta ni, wọ́n sì ti dá ọjọ́ Ẹtì kan fún òun nínú oṣù Kejì láti fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé ìyá òun gbàdúrà sí i.

Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Nǹkan tí mi ò fẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàdúrà sí i?"

Ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Méjì ló rà. Ó ní bí a bá fẹ́ pe ọmọ wálé, ẹnìkan láti ìdílé bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ti sanwó kó tó bi mí. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà, mo rí i pé wọn kì í dá owó padà. Mo bá lọ.

Wákàtí mẹ́rìnlá la lò lókè. Bí a ṣe lo wákàtí kan, Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀ sí í wo máàpù tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé tí ọkọ̀ yìí ń lọ sókè?"

"Ọ̀nà Japan nìyẹn."

"Japan wà ní Canada?"

"Ayé rí roboto. Ibi tó yá jù ni wọ́n ń gbà. Epo ni wọ́n ń dín kù."

Ó wo máàpù náà títí. Lẹ́yìn náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Tó bá jẹ́ pé apá ibí ni Japan wà, ibo la wá ń kọjú sí láti ọdún mẹ́rin yìí?"

Mo fi ìka tọ ọ̀nà náà fún un lórí máàpù, láti Stone Mountain, gba àárín Atlanta, lọ tààrà. Mo ní, "Alabama."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá, búrẹ́dì nìkan ló jẹ nínú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rin," ó ní nígbà tó yá. "Lóṣooṣù. Nínú òtútù. 'Ìwọ ọmọ tó wà lókèèrè, gbéra, máa bọ̀ nílé.' Alabama!"

"Àwọn ìyá kan á wà ní Birmingham báyìí tí ọmọ wọn ti kó ẹrù padà wálé lójijì, tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olúdáre ló fà á. Òun àti California ẹ̀."

Ọjọ́ Ọjọ́rú la dé. Tẹniọlá wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú, ó kúnlẹ̀ kí wa láàárín èrò, àwọn èèyàn sì yà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Yorùbá rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, bíi ti gbogbo ọmọ tí a bí sí Atlanta.

"Mummy, mo ti tún room mi ṣe. Ẹ̀yin máa sùn sórí bed, Daddy Conyers máa sùn sórí mattress tí mo yá. Èmi máa sùn sí ilẹ̀."

"Hotel la máa sùn sí," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ."

"Mummy!"

"Tí mo bá wọ ibẹ̀, tí mo jókòó, tí mo mu omi, mo ti gbà nìyẹn. Mi ò tíì gbà."

Ọmọ náà wojú mi. Mo wo bààgì mi. Ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún sọ yẹn, kò sí ìdílé tí mo mọ̀ tí kò ní gbọ́ ọ yé. Òbí tí kò fọwọ́ sí ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí kì í wọ ibẹ̀. Hotel náà la sùn sí, ní àdúgbò Shinjuku. Èmi ni mo mọ iye tí wọ́n gbà lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ku ọjọ́ kan kí Tẹniọlá fọwọ́ sí ìwé tàbí kó dá a padà. Ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wá bá wa.

Rẹ̀mílẹ́kún bi í pé, "Òkè wo ló wà nílùú yín yìí?"

"Òkè bíi mountain, Mummy?"

"Òkè tí èèyàn ti lè rí gbogbo ìlú. Mo fẹ́ rí ibi tí mò ń sọ̀rọ̀ sí. Mi ò tún ní ṣàṣìṣe."

Tẹniọlá yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ó ní òkè gidi jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn ilé gíga wà tí wọ́n ṣe àjà òkè pátápátá sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wòran. Mo bi í pé èló ni. Ó ní ọ̀fẹ́ ni méjì níbẹ̀. Mo ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ilé ìjọba ìlú Tokyo ni òkè àkọ́kọ́, kò jìnnà sí hotel wa, ẹsẹ̀ la sì fi rìn ín. Kí èèyàn tó wọ elevator, wọ́n máa ń yẹ bààgì wò. Ọ̀gbẹ́ni tó yẹ ti Rẹ̀mílẹ́kún wò fa ìgò òróró kékeré kan yọ. Ó gbé e sókè sí iná, ó wò ó, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi Tẹniọlá ní nǹkan kan.

"Ó ń béèrè pé kí ni."

"Sọ fún un pé òróró àdúrà ni," Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Tẹniọlá sọ̀rọ̀, ọ̀gbẹ́ni náà tẹrí ba, ó dá a padà sínú bààgì. Nínú elevator, mo bi ọmọ náà ní bòókẹ́lẹ́ pé kí ló sọ.

"Mo ní wọ́n máa ń dà á sí saladi."

Àjà karùndínláàádọ́ta la sọ̀ sí. Mo ti gbé Atlanta fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo sì rò pé mo ti mọ ohun tí ìlú ńlá ń jẹ́. Eléyìí kò lópin. Níbikíbi tí ojú lè dé, ilé ni, funfun àti eérú, láìsí igbó láàárín rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún rìn yí gíláàsì náà po. Lórí Stone Mountain, igi ló ń rí, ilé á sì yọrí díẹ̀díẹ̀ láàárín igi. Níbí, kò mọ ibi tó máa fi ojú sí.

"Níbo ni ilé ẹ wà?"

"Ẹ rí nǹkan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ yẹn, lọ́nà jíjìn? Tower ni. Abẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni mò ń gbé."

"Yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ yẹn, kí ni mo tún lè fi mọ̀ ọ́n?"

"Kò sí, Mummy. Ó jìnnà."

Rẹ̀mílẹ́kún kọjú sí abẹ́rẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí í ṣe ohùn gbogbo èèyàn ní ibòmíràn. Dùùrù kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀. Arákùnrin kan ń tẹ̀ ẹ́, bí ó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sókè ni Rẹ̀mílẹ́kún ń gbé ohùn tirẹ̀ sókè kí tirẹ̀ má baà rì. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìgò rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì fi òróró kan ojú gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan, ní déédéé ibi tí abẹ́rẹ́ náà wà.

Kò tíì gbé ìgò náà padà sínú bààgì tí obìnrin kan nínú yunifọ́ọ̀mù fi dé. Ó tẹrí ba fún wa. Ó fa aṣọ ìnuǹkan yọ lápò, ó nu òróró náà kúrò títí gíláàsì fi dán, ó tún tẹrí ba, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Rẹ̀mílẹ́kún wo ojú gíláàsì náà.

"Ó ti wọlé kó tó nù ún," ó ní.

Òkè kejì, ilé ìjọba ìbílẹ̀ kan ni, ọ̀fẹ́ lòun náà. A wọ reluwé débẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, àwọn èèyàn tò láti gba ìwé ìbí àti ìwé owó orí. Lókè, ní àjà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn àgbàlagbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ìlú bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Tẹniọlá ti ra ìrẹsì tí wọ́n fi ewé dúdú inú òkun dì. Rẹ̀mílẹ́kún tú tirẹ̀, ó wá nǹkan tó wà láàárín rẹ̀, ó rí ẹja tó tó èékánná. Ó ní wọ́n mọ̀ ọ́n dì, àmọ́ kò ní ata.

Láti ibẹ̀, abẹ́rẹ́ náà ti di òpó ńlá. Rẹ̀mílẹ́kún dìde láti kọjú sí i. Tẹniọlá sọ ìrẹsì tirẹ̀ kalẹ̀.

"Mummy, kí lẹ ń sọ fún Ọlọ́run nípa mi gan-an?"

"Ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀yìnwá. Pé kó dá ẹ padà wálé."

"Ẹ ò bi mí o."

"Ṣé mo bi ẹ́ kí n tó bí ẹ?"

"That's not... Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ràn mi."

"Àwọn ọmọ kò sí ní Stockbridge? Ilé-ìwé kò sí ní McDonough? Yàrá ẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Èwo lo mọ̀? Tẹniọlá, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń tọ́jú ìyá ẹni ẹlẹ́ni tí ọmọ wọn wà lókèèrè. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ẹní bá ń gbé ibi tí kò lẹ́nìkan... Ó dáa, jẹ́ kí n bi ẹ́. Tí àìsàn bá ṣe ẹ́ níbí, ta ló máa bu omi fún ẹ mu?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá ìrẹsì sínú bààgì rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí nílùú náà.

"Daddy Conyers," ó ní, "ẹ jẹ́ ká lọ síbi kẹta."

Ibi kẹta ni òpó náà fúnra rẹ̀. Tokyo Skytree ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo ka iye tó wà lára pátákó, mo sì sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún pé mo lè dúró nísàlẹ̀, mo ti rí ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì lónìí, kò sì tíì yí padà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gòkè. Èmi ni mo máa san án."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹni tó máa san án?"

Ó ti san án. Elevator náà gbé wa débi ọ̀ọ́dúnrún mítà ó lé àádọ́ta kí n tó parí ọ̀rọ̀, etí mi dí. Lókè yẹn, ilé kò jọ ilé mọ́. Tẹniọlá mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ó sì na ìka sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ wo odò yẹn. Ẹ wo afárá tó wà lórí ẹ̀. Ẹ ka ilé mẹ́ta láti ibi afárá. Èyí tó ní òrùlé aláwọ̀ ewé."

"Mo rí i."

"Òun ni. Àjà kẹta."

Rẹ̀mílẹ́kún wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọdún mẹ́rin ló fi wá ibẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró dáadáa, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó mí sínú.

"Mummy, ẹ dúró," Tẹniọlá wí. "Kẹ́ẹ tó gbàdúrà. Ìbéèrè tẹ́ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan, mo ní láti dá yín lóhùn."

Ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún wà lókè.

"Ní June tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Appendix. Ó ti bẹ́ kí n tó dé hospital."

"Kí lo wí?"

"Mo ti sàn, Mummy. Mo ti sàn."

"June. June tó o ní fóònù ẹ bà jẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀ bá wọ plane lọ́jọ́ kejì."

Èmi náà sún mọ́ wọn. Mo bi í pé ta ló gbé e lọ. Ó ní ìyá àgbà kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òun ni, Màmá Hirano, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ògiri ilé náà fẹ́lẹ́. Ìyá náà gbọ́ bí òun ṣe ń bì, ó kan ilẹ̀kùn, ó pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn, ó sì bá òun wọ̀ ọ́ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí òun fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojoojúmọ́ ló ń gbé ògì ìrẹsì wá. Nígbà tí òun délé, òun kò lè gbé apá sókè, ni ìyá náà bá fọ irun òun.

"Irun ẹ?" Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ṣé o dirun nígbà yẹn?"

"Mo dì í. Kékeré kékeré."

"Ta ló tú u?"

"Òun náà ni. Mo fi video hàn án lórí fóònù. Ó lo wákàtí mẹ́rin. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ò ní nǹkan tí òun fẹ́ ṣe."

Rẹ̀mílẹ́kún sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Mo ti dúpẹ́, Mummy. Mo ra gift fún un."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè tìẹ. Láti ilé wa ńkọ́, ta ló lọ?"

"Kò sí."

"Láti June. Oṣù mélòó nìyẹn, Bọ̀dá mi?"

"Oṣù mẹ́jọ," mo dáhùn.

"Oṣù mẹ́jọ! Ìyá arúgbó tú irun ọmọ wa, kò sí ẹni tó yọjú sí i! Kí ló máa rò pé a jẹ́?"

Ìtìjú náà kan ìdílé bàbá ju ìdílé ìyá lọ. Mo ní ká pe ìyá náà wá sí hotel, ká ṣe é lálejò. Tẹniọlá ní orúnkún ń dà á láàmú, kì í jáde púpọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

"Ẹ fẹ́ kí ẹni tó ṣe wá lóore wá bá wa kó wá gba ọpẹ́?"

Ó gbé bààgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ sídìí elevator. Òkè mẹ́ta la gùn lọ́jọ́ náà. Èyí tí a sanwó sí ni kò gbàdúrà kankan níbẹ̀.

A kò lè lọ lọ́wọ́ òfìfo. Nísàlẹ̀ ilé gogoro náà, a rí ibi tí wọ́n ti ń ta èso. Wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bo ápù kọ̀ọ̀kan bí ẹyin, wọ́n sì kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Rẹ̀mílẹ́kún kó mẹ́fà láìwo ohun tí wọ́n kọ. Mo wò ó. Mo dákẹ́.

Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ilé náà rí bó ṣe rí látòkè, àfi pé ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti gbó. Rẹ̀mílẹ́kún dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Kí ó yé ẹ o. Kì í ṣe ilé ẹ ni mo wá. Ilé ìyá yẹn ni mo wá."

"Ilé kan náà ni, Mummy."

"Àtẹ̀gùn kan náà ni."

Ó gùn ún. Tẹniọlá kan ilẹ̀kùn kejì sí tirẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ìyá kékeré kan tó wọ súẹ́tà aláwọ̀ eérú ṣílẹ̀kùn, ó wo Tẹniọlá, ó wò wá. Tẹniọlá bá a sọ̀rọ̀. Kó tó parí rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ápù náà sókè.

Màmá Hirano ké bí ẹni tí nǹkan fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi délẹ̀. Wọ́n wá ń wo ara wọn. Mo ro ohun tó yẹ kí n ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ẹ̀yìn mi sì ní bó ṣe fẹ́ kí n máa lo òun. Mo ṣí fìlà.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ẹ kú wàhálà. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú pé a pẹ́, a ò gbọ́ ni."

Tẹniọlá túmọ̀ rẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ lo sọ yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Ó kéré. Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Màmá Hirano gba ápù náà, ó gbé e sórí itan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì gùn. Tẹniọlá kò túmọ̀ nǹkan kan.

"Kí ló wí?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó ní ẹ káàbọ̀."

"Gbogbo ìyẹn?"

"Tẹniọlá," mo ní, "ohun tí àgbà bá sọ ni kó o sọ."

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ó ní ọmọ méjì lòun náà bí, wọ́n wà ní ìlú tó jìnnà. Ó ní mo ti sọ fún òun pé ìyá mi ń bọ̀ wá mú mi lọ sílé. Ó ní kò burú, ọmọ yín ni. Ó kàn fẹ́ kẹ́ẹ sọ ọjọ́ tá a máa lọ fún òun, kó má bàa jẹ́ òjijì."

Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́, ó mú ọwọ́ ìyá náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ ti àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ wò: ẹ̀yìn ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ ara ọrùn ọwọ́, ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná ìyá náà mọ́, wọ́n gé e dọ́gba.

"Ta ló ń gé èékánná fún un?"

"Èmi ni," Tẹniọlá wí. "Ojú ẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́."

Rẹ̀mílẹ́kún kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Sọ fún un pé ọdún mẹ́ta ni."

"Mummy?"

"Ọdún mẹ́ta tó wà nínú ìwé yẹn. Sọ fún un bẹ́ẹ̀. Tó bá pé, a máa wá jókòó sọ̀rọ̀ míì."

Tẹniọlá ti ń sunkún. "Mummy, ṣé ẹ máa gbàdúrà sí i?"

"Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí yìí, kí lo rò pé mò ń ṣe? Túmọ̀ ẹ̀ kíá. Orúnkún ń dun ìyá."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Ó gba pé kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹkún kò jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ yọ dáadáa. Màmá Hirano bo ojú. Èmi àti ọmọ náà la fa àwọn méjèèjì dìde, ó sì gbà wá ní àkókò díẹ̀. Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún ti gbọn eruku kúrò ní yẹ̀rì rẹ̀, ó gba ápù méjì padà lọ́wọ́ ìyá náà, ó bi Tẹniọlá pé èwo ni ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó sì wọlé lọ fọ̀ wọ́n.